Irin Ọkọ̀ Lábẹ́ Ibùsùn Ìyá Èrò

Ọkọ̀ ọmọ mi ló kọ́kọ́ kìlọ̀. Àwòrán ife kọfí kan yọ níwájú rẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń fi bí eré ṣe tó hàn. Nǹkan kan dún pín-ín, pín-ín, ọ̀rọ̀ òyìnbó sì jáde lábẹ́ ife náà pé àsìkò ti tó láti sinmi. Mojí, àbíkẹ́yìn mi, fi àtàǹpàkò tẹ ibì kan, ife náà sì pòórá. A ò tíì dé ìlú Canton tó tún fi yọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tún yọ lẹ́yìn Canton, mo bi í pé kí ni ọkọ̀ yìí ń wí. Ó fi èdè òyìnbó dá mi lóhùn pé kò sí nǹkan kan, pé àṣejù ọkọ̀ náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì ni Mojí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Dallas láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì tún ń lọ ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn kan ní Longview bí ọ̀sẹ̀ bá parí. Láti Longview, orí títì márosẹ̀ I-20 ló máa ń gbà padà sílé wa ní Forney ní òwúrọ̀, pẹ̀lú oorun gbogbo òru lójú. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo bá a lọ. Kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mo jókòó sí ibi tí àwọn ará aláìsàn ti ń dúró títí ilẹ̀ fi mọ́, mo gbé báàgì mi lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ojú rẹ̀ ni mò ń wò, mi ò wo ọ̀nà. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ fèrèsé tí okùn rẹ̀ ti dẹ̀, yóò sì tún fà á sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo sọ ti ata tó wọ́n, mo sọ ohun tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀. Mi ò dákẹ́ títí a fi dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ó wọlé lọ sùn. Èmi jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wo ibi tí ife náà ti yọ.

Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti rántí irin abẹ́ ibùsùn ìyá mi. Ẹ̀yin ọmọ wa nínú ìjọ yìí tí ẹ ń wakọ̀ káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti rẹ̀ mí, mi ò sì ní pariwo.

Ẹ ti ka ti ilé èrò nínú Bíbélì, ibi tí kò ti sí àyè fún Màríà àti Jósẹ́fù. Inú ilé èrò ni wọ́n bí mi sí. Ìlú wa kéré, ó wà lójú ọ̀nà tó lọ láti Ọ̀yọ́ sí Ogbómọ̀ṣọ́, tó sì ń bá a lọ sí Ìlọrin. Ìyá ìyá mi ló dá ilé náà sílẹ̀, láyé ìgbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni àwọn oníṣòwò fi ń rìn, tí wọ́n ń ru ẹrù sórí. Ìkòkò omi kan lábẹ́ igi ọdán ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mu omi fẹ́ jókòó, ẹni tó jókòó fẹ́ jẹun, ẹni tó jẹun tán, oorun kùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò omi ṣe di ẹní, tí ẹní sì di yàrá. Nígbà tí ọkọ̀ akérò dé, wọ́n mọ ògiri sí i, wọ́n fi páánù bò ó, wọ́n sì gé igbó ẹ̀gbẹ́ ilé kí bọ́lẹ̀kájà lè ráyè yí padà. Nígbà tó kan ìyá mi, orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọnù. Ìyá Èrò ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan bàbá mi nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn.

Bọ́lẹ̀kájà, fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, lọ́rì ni, tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀, tí èrò jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú rẹ̀, tí ewúrẹ́ àti iṣu wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. A kì í rí i ká tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Òkè kan wà kí wọ́n tó wọ ìlú, ibẹ̀ ni pákó rẹ̀ ti máa ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò ní epo. Ìyá mi yóò gbé etí sókè láti ìdí ààrò, yóò sì sọ ọkọ̀ tó jẹ́, yóò ní kí a bu omi kún ìkòkò. Èyí tó ń húkọ́ bí arúgbó, èyí tó ń fọn fèrè rọ́bà rẹ̀ láìnídìí, ó mọ gbogbo wọn. Ní báyìí, àdúgbò wa ní Forney kún fún ọkọ̀ tí kì í dún rárá. Èèyàn á ti dé ẹ̀yìn rẹ kó o tó mọ̀.

Iṣẹ́ tèmi ni omi ìfọsẹ̀. Erùpẹ̀ ọ̀nà ìgbà náà pupa, ó sì kúnná bí èlùbọ́. Obìnrin tó wé gèlè funfun láti Ìbàdàn yóò sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú gèlè pupa, ìpéǹpéjú rẹ̀ náà yóò pupa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi èrò léèrè ohunkóhun kó tó fọ ojú àti ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá mi máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: "Ta ló ń retí yín?" Àwọn mìíràn a dárúkọ ọkọ, àwọn mìíràn ọmọ. Ẹni tó bá ní kò sẹ́ni tó ń retí òun, ìyá mi a bu ẹran kún tirẹ̀, kò sì ní sọ ìdí.

Mi ò sọ pé ọ̀run ni ilé náà o. Ìdun wà nínú ẹní, bí a ṣe ń sá wọn sóòrùn tó. Ẹ̀fọn kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ọkùnrin kan lè máa han-run kí gbogbo yàrá máa gbọ̀n, kí ìyàwó ẹlòmíràn sì máa bú u láti yàrá kejì. Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀, tí àwọn ará Èkó ń lọ sílé, wọ́n á so búrẹ́dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, gbogbo ọgbà wa yóò máa rùn búrẹ́dì àti epo ọkọ̀ pa pọ̀. Títí di òní, bí mo bá dúró níbi tí wọ́n ti ń ra gáàsì ọkọ̀, tí ẹnì kan sì gbé oúnjẹ gbígbóná kọjá, ọgbà wa ni mo máa ń rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irin ni mo fẹ́ sọ. Bọ́lẹ̀kájà kì í fi kọ́kọ́rọ́ jí. Irin gígùn kan wà, tó tẹ̀ ní ibi méjì, tí wọ́n máa ń ki bọ iwájú ọkọ̀, tí wọ́n á fi agbára yí i kí ẹ́ńjìnnì tó ké. Láìsí irin yẹn, òkúta ni ọkọ̀. Òfin ilé wa sì ni pé ọkọ̀ tó bá wọ ọgbà lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀, awakọ̀ rẹ̀ yóò fa irin rẹ̀ lé ìyá mi lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bu oúnjẹ fún un. Abẹ́ ibùsùn ìyá mi ni irin ń sùn. Kò ní jáde títí àkùkọ yóò fi kọ. Ohun tó máa ń jí àwa ọmọ láràárọ̀ ni ariwo irin tí wọ́n ń wọ́ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí ìyá mi ń pe àwọn tó ni wọ́n.

Ó nídìí. Kí wọ́n tó bí mi, awakọ̀ kan jẹun ní ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, ó ní òun kò ní sùn, wọ́n ń retí òun níwájú. Oorun gbé e lórí afárá odò tí kò jìnnà sí wa, ọkọ̀ sì já sódò. Àwọn èrò inú ọkọ̀ náà ti fọ ẹsẹ̀ nínú omi ìyá mi. Ó ti mọ èyí tí kì í jẹ ata nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ilé wa ni àwọn ẹbí wọn ń wá, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti rí wọn kẹ́yìn. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á ní kí ìyá mi sọ ohun tí èèyàn wọn jẹ, àti bóyá ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn ló ti ń gba irin.

Àwọn awakọ̀ kùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ẹni tó kùn jù ni Làmídì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, tí ó kọ "Ayé Ń Lọ" sí iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ọdún Iléyá kan ń bọ̀, ó kó àgbò láti Ìlọrin, Ìbàdàn ló ń kó wọn lọ. Ó wọ ọgbà wa nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ó jẹ́ kí ìyá mi gba irin, ṣùgbọ́n bó ṣe jẹun tán ló ní kí wọ́n gbé e fún òun. Àwọn àgbò náà, ó ní, wọ́n gbọ́dọ̀ dé ọjà kí oòrùn tó mú. Ìyá mi ń fọ abọ́, kò gbójú sókè.

"Ìyá Èrò, ṣé ẹ̀yin lẹ bí mi ni?"

"Èmi kọ́ ni mo bí ọ, Làmídì. Ṣùgbọ́n bí o bá kú, ọ̀dọ̀ mi ni ìyá tó bí ọ máa kọ́kọ́ wá. Kí ni kí n sọ fún un? Kí n ní iyán tó o jẹ kúnná?"

Làmídì wo ilẹ̀kùn yàrá ìyá mi, ó wo ìyá mi, ó sì tẹ́ ẹní rẹ̀. Ó sùn débi pé oòrùn ti là kó tó jí. Kó tó jí yẹn, àgbò kan ti já okùn, ó sì ti jẹ fìlà koríko tíṣà kan tó ń lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́, ó ku etí rẹ̀ nìkan. Tíṣà náà gbé etí fìlà lọ́wọ́, ó ń fi èdè òyìnbó bínú. Làmídì bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Ẹ má bínú, tíṣà, àgbò náà fẹ́ kàwé ni." Títí di ọjọ́ tí mo kúrò ní ìlú wa, bí ọmọ kan bá ya olódo, wọ́n á ní kí wọ́n lọ fún un ní fìlà tíṣà jẹ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ayé kì í dúró de ẹ̀sọ̀. Nígbà tó yá, irú ọkọ̀ mìíràn dé, tí kọ́kọ́rọ́ kékeré ń jí láti inú. Awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á ju kọ́kọ́rọ́ sí àpò, ìyá mi á na ọwọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n á ní, "Ìyá Èrò, ayé ti là." Ó wá di pé ìyá mi ń fi ẹnu bẹ̀bẹ̀ ohun tó ti ń fi ọwọ́ gbà. Ìgbà mìíràn wọ́n á gbọ́. Ìgbà mìíràn yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa wo iná ẹ̀yìn ọkọ̀ títí yóò fi kéré bí ìràwọ̀.

Làmídì náà ra ọkọ̀ tuntun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wọ ọgbà wa, gbogbo wa jáde lọ wò ó. Ìyá mi kò tilẹ̀ na ọwọ́ mọ́, ó ti sú u. Làmídì bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa nǹkan kan yọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Irin ọkọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ni. Kò lè jí ọkọ̀ tuntun yẹn, kò lè jí ọkọ̀ kankan mọ́. Ó ti fi okùn so kọ́kọ́rọ́ kékeré náà mọ́ ọn lọ́rùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá mi.

"Ẹ bá mi tọ́jú ara mi, Ìyá Èrò."

Ìyá mi gbà á, ó wọlé, a sì gbọ́ ariwo irin náà lórí sìmẹ́ǹtì.

Lẹ́yìn náà, wọ́n la títì márosẹ̀ tuntun, tó gba ẹ̀yìn igbó kọjá. Ìlú wa kò sí lójú ọ̀nà ẹnikẹ́ni mọ́. Làmídì ń yà sọ́dọ̀ wa fún ìgbà díẹ̀ sí i, nítorí àṣà, títí ọjọ́ ogbó fi ní kó jókòó sílé. Orí ibùsùn ara rẹ̀ ló kú sí, pẹ̀lú ewú. Láàárín àwọn awakọ̀, oyè ni ìyẹn. Ìyá mi kò yéé bu omi sí ìkòkò ní ìrọ̀lẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọ àbúrò mi fi àwòrán ilé náà ránṣẹ́ sí mi: páánù ti lọ lápá kan, ẹnì kan sì ń ta omi inú ọ̀rá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní ó kéré tán, omi ṣì wà níbẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Mojí nígbà tó jí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin, ó ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ àgbò. Nígbà tí mo dé ibi irin, ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i.

"Mọ́mì, ọkọ̀ mi ò ní kọ́kọ́rọ́," ó ní. "Fóònù ni mo fi ń jí i."

Mo ní kó gbé fóònù náà wá. Ó ní bí ilé ìwòsàn bá pè ńkọ́, bí ẹ̀gbọ́n òun bá pè ńkọ́. A ń fà á bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń ṣeré, títí tí ẹ̀rín fi tán lójú rẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, èdè tí kì í sábà fi dá mi lóhùn.

"Àwọn awakọ̀ yẹn rí ibi sùn, Mọ́mì. Níbo ni kí èmi sùn? Ẹ bá mi wá ilé yẹn, màá gbé fóònù kalẹ̀."

Mo sì wá ilé náà lóòótọ́. Ní àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá I-20, ọ̀sán ni wọ́n ń gba àlejò wọlé, àárọ̀ sì ni ọmọ mi ń jáde níbi iṣẹ́. Ibi ìsinmi ẹ̀bá ọ̀nà wà, tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún ọmọbìnrin pé kó dá sùn nínú ọkọ̀ láàárín àjèjì, kí n sì wá fojú kan oorun nílé. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta gáàsì ló ní iná tó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, kọfí wà, oúnjẹ wà, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló ń retí ẹ. Àwa fúnra wa ń kọ́lé, ilé wa ń tóbi sí i, yàrá àlejò ń ṣófo pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ dáadáa. A sì ń kìlọ̀ fún ara wa pé kí a má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà máa ń kìlọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí bó ṣe ń bà yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yìí náà Mojí yóò lọ sí Longview, ife kọfí yẹn yóò tún yọ, yóò sì tún tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Ẹ̀yin ará wa tí ilé yín wà lẹ́bàá ọ̀nà yẹn, ní Longview, ní Tyler, ní Canton, tàbí ní Terrell, bí ẹ bá ní yàrá kan tó ṣófo láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi sùn níbẹ̀ kó tó máa bọ̀. Ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ sọ fún mi. Yàrá kan wà nílé wa ní Forney fún ọmọ tiyín náà, nígbàkigbà tí oorun bá kùn ún lójú ọ̀nà. Omi yóò wà, oúnjẹ yóò wà, n kò sì ní béèrè ohunkóhun títí yóò fi bọ́jú tán. Kìkì pé kó fi ohun tó fi ń jí ọkọ̀ lé mi lọ́wọ́ kó tó jẹun.